Ilé Ẹjọ́ Tó Kó Lọ Sí Ilẹ̀ Onílẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé Scotland ti gbé ilé ẹjọ́ rẹ̀, tòun ti adájọ́ àti ọlọ́pàá, lọ sí ilẹ̀ Netherlands rí nítorí ẹ̀sùn ìgbésùnmọ̀mí?

Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1988 ni àdó olóró bú gbàmù nínú bàlúù Pan Am 103 tó gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń lọ sí New York. Òkè ìlú kékeré kan ní Scotland tó ń jẹ́ Lockerbie ló fọ́ sí. Gbogbo èèyàn 259 tó wà nínú rẹ̀ kú, èèyàn 11 sì tún kú ní ìsàlẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀wọ́ ọlọ́pàá tó kéré jù lọ ní gbogbo Ìlú Ọba ni ìwádìí náà bọ́ sí lọ́wọ́? Wọ́n gba oko gba igbó, wọ́n ń ṣa àfọ́kù. Nínú àkísà ṣẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n ti rí ègé kan tí kò ju èékánná lọ, tí wọ́n ní ara aago tó tan àdó náà ni. Àwọn aṣọ tó jóná ló mú wọn dé ṣọ́ọ̀bù kan ní Malta.

Aṣọ àwọn olóògbé tí ọlọ́pàá bá ti yẹ̀ wò tán ńkọ́? Àwọn obìnrin Lockerbie ló fọ̀ wọ́n, wọ́n lọ̀ wọ́n, wọ́n sì ká wọn dáadáa kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí. Iṣẹ́ ìdájọ́ òdodo nìyẹn náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí.

Wọ́n fẹ̀sùn kan ọmọ Líbíà méjì, Gaddafi, olórí Líbíà, kò sì yọ̀ǹda wọn. Lọ́dún 1992, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fòfin de bàlúù tó ń lọ sí Líbíà. Nelson Mandela wà lára àwọn tó bá wọn dá sí i, tí wọ́n fi gbà pé kí ẹjọ́ náà wáyé ní Zeist ní Netherlands, ní ibùdó kan tí ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ti lò rí, lábẹ́ òfin Scotland.

Ará ìlú 15 ló sábà máa ń pinnu irú ẹjọ́ ńlá bẹ́ẹ̀ ní Scotland. Ní Zeist, adájọ́ mẹ́ta ló dá a. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, wọ́n rán Abdelbaset al-Megrahi lẹ́wọ̀n gbére, wọ́n sì dá ẹnì kejì, Lamin Khalifah Fhimah, sílẹ̀. Ìdásílẹ̀ yìí ló wú mi lórí jù: òkú 270 wà nílẹ̀, gbogbo ayé ń wò wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ní ẹ̀rí tó wà lórí rẹ̀ kò tó.

Àrùn jẹjẹrẹ mú kí Scotland tú Megrahi sílẹ̀ lọ́dún 2009. Ó kú lọ́dún 2012. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n tún mú ọmọ Líbíà mìíràn dé ilé ẹjọ́ ní Washington, pé òun ló ṣe àdó náà. Ó ní òun kò jẹ̀bi.