Nínà tí ó ń Padà àti Nínà tí kì í Padà

Bí a bá bi àwọn ọmọ kíláàsì pé, nínú rọ́bà àti irin líle, èwo ni ó ń padà sí ipò rẹ̀ dáradára jù nígbà tí a bá fà á tí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀, rọ́bà ni gbogbo wọn yóò pè. Ìdáhùn yìí kò tọ̀nà. Òótọ́ ni pé rọ́bà kànnàkànnà ń nà ju irin lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan nà púpọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ó padà ní pípé. Rọ́bà tí a ti fà nígbà púpọ̀ a máa gùn díẹ̀ ju ti àtètèkọ́ṣe lọ. Irin líle, bí a kò bá fà á kọjá ààlà rẹ̀, a máa padà sí gígùn rẹ̀ gan-an.

Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ òfin nínà yìí sílẹ̀. Ní ọdún 1676 ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n ó da àwọn lẹ́tà rẹ̀ rú kí ẹlòmíràn má baà gba ọgbọ́n náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún 1678 ni ó tó tú u palẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí agbára bá ṣe pọ̀ tó ni nínà yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí a mú wáyà irin líle tí ó gùn ní mítà 1, tí ojú ibi tí a gé e sì jẹ́ mìlímítà 1 níbùú àti lóròó. Ẹrù kílò 10 kò ní fà á ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Kílò 20 yóò fà á ní nǹkan bí mìlímítà 1. Bí a bá tú ẹrù náà, wáyà á padà bí ẹni pé a kò fọwọ́ kàn án rí.

Bí ó bá ṣe wáyà bàbà rírọ̀ ni a lò ńkọ́? Kílò 10 kan náà ti tó láti fà á kọjá ààlà: yóò padà díẹ̀, kò ní padà tán. Àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ tò ní ìlà-ìlà, wọ́n sì di ara wọn mú. Nígbà tí agbára bá kéré, wọ́n kàn jìnnà díẹ̀ sí ara wọn ni, ìdè àárín wọn a sì fà wọ́n padà. Nígbà tí ó bá pọ̀jù, ìlà kan á yọ̀ lórí èkejì, átọ́ọ̀mù á sì bá aládùúgbò tuntun dì mọ́ra. Kò sí ohun tí yóò dá a padà mọ́.

Ọjà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ owó ènìyàn. Sípíríǹgì irin ni ó wà nínú òṣùwọ̀n tí a ń fi ẹrù kọ́. Bí a bá fi ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ kọ́ ọ, ọwọ́ òṣùwọ̀n kò ní padà sí òdo mọ́. Ká ní ó dúró sí ìdajì kílò. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé sípíríǹgì náà kò sọ agbára rẹ̀ nù: láti ibi tuntun yìí, bí kílò kan ti ń fà á tẹ́lẹ̀ náà ni yóò ṣe máa fà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Nítorí náà ìdajì kílò ni irọ́ tí yóò máa pa lórí gbogbo ẹrù, kékeré àti ńlá. Ẹni tí ó ra kílò 10 pàdánù ìdá kan nínú ogún. Ṣùgbọ́n ìyá tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti kílò 1 lọ, ìdajì ohun tí ó sanwó fún ni kò dé ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa fi ẹrù kún ẹrù, a ó kọ nínà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, a ó fa ìlà tààrà, ó parí. Lójú tèmi, ààbọ̀ ẹ̀kọ́ nìyẹn. Kí ọmọ máa tú ẹrù kúrò lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ó wò ó bóyá ó padà sí òdo, kí ó sì kọ èyí náà sílẹ̀. Níbi tí kò bá ti padà fún ìgbà àkọ́kọ́, a ti kọjá ààlà níbẹ̀. Sípíríǹgì tí a bá lò báyìí kò ní wúlò fún òṣùwọ̀n mọ́, nítorí náà èyí tí kò wọ́n ni kí a wá.