Alùpùpù Àtijọ́ Tí A Pa Tì: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Wò Kí A Tó Rà Á



Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹyọ nínú ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní agbègbè Ẹ̀sà-Òkè, a sì rò pé ó yẹ kí a là á yé ara wa. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan, pàápàá àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́, ń wá alùpùpù àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì sí ẹ̀yìnkùlé rà, kí wọ́n lè tún un ṣe kí ó padà bọ̀ sípò. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń béèrè ẹ̀yáwó fún un. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí náà ti ṣe é rí, a sì ti kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Ohun tí a rí ni pé iye tí a fi ra irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ kọ́ ni iye tí yóò ná wa. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí a dáhùn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa: ta ni ó ni ín? Kí ni ó kù nínú rẹ̀? Èló ni yóò gbà kí ó tó tún rìn?

IBI TÍ WỌ́N TI WÁ

Àwọn àgbà inú wa kò ní í gbàgbé ọdún 1975. Ìgbà náà ni ìjọba Ọ̀gágun Gowon san owó Údójì fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n fi kún owó oṣù, tí wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́ ni ó di ẹni tí ń gun máṣìnnì. Àwọn àgbẹ̀ oníkòkó àti àwọn oníṣòwò náà kò gbẹ́yìn.

Àwọn tí a máa ń rí nílẹ̀ báyìí ni Honda kékeré C50 àti C70, Honda CG110 àti CG125, àti Suzuki A100. Honda kékeré yẹn jẹ́ ọmọ ìyá Super Cub tí ilé-iṣẹ́ Soichiro Honda gbé jáde ní Japan ní 1958; nígbà tí ó fi máa di 2017, wọ́n ti ṣe é ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Ní ti CG, nǹkan bí ọdún 1976 ni ó jáde. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àwọn ènìyàn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Nítorí náà, wọn kò fi ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì ṣí fáàfù rẹ̀ bí ti àwọn Honda mìíràn. Ọ̀pá irin ni wọ́n lò, èyí tí kì í tètè bàjẹ́. Ní 1979 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Honda sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

Nígbà tí ó di 1986 tí ìjọba gbé ètò SFEM dé, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, owó páàtì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Máṣìnnì tí ó bá ti kọṣẹ́ nígbà náà, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ó ń gbà lọ. Àwọn tí ó ṣì ń rìn, púpọ̀ nínú wọn di ọ̀kadà. Bí ẹ bá rí èyí tí ó jókòó lábẹ́ páànù láti ìgbà náà, ẹ mọ̀ pé ó ní ìtàn.

TA NI Ó NI ÍN?

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a rí Honda CG110 kan ní Ẹ̀sà-Òkè. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni ó wà, adìyẹ ti sọ abẹ́ rẹ̀ di ibi ìyẹ́yin. Bàbá tí ó ni ín ti di olóògbé. Ọmọ rẹ̀ àgbà ọkùnrin ni ó tà á fún wa. A sanwó, a kò gba ìwé kankan, a gbé e lọ. Ó dùn mọ́ wa nínú pé a ra ọjà ọ̀pọ̀.

A ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kalẹ̀ tán, a sì ti fi èrè tí ẹgbẹ́ pín fún wa lọ́dún náà ra páàtì, kí ọmọ bàbá náà obìnrin tó ti Èkó wálé ọdún. Ó bèèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, máṣìnnì bàbá wa dà?" Orí máṣìnnì yẹn ni bàbá ti gbé e lọ sí Iléṣà ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó lọ ṣe ìdánwò. Kò pariwo lé wa lórí. Ó kàn sọ pé ogún ni, àti pé ẹnì kan kì í dá ogún tà.

Òótọ́ ni ó sọ. Nínú àṣà wa, ohun tí bàbá fi sílẹ̀ tí wọn kò tíì pín, gbogbo ọmọ ni ó ni ín. Dáwódù ń bójú tó o ni. Kò sọ pé òun nìkan ni ó jogún rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ pín in ní ìdí-igi, ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Ìpàdé mẹ́ta ni a ṣe pẹ̀lú ẹbí náà. A fi owó kún owó, gbogbo ọmọ sì fọwọ́ sí ìwé. Ọmọbìnrin náà kò gba kọ́bọ̀ nínú tirẹ̀. Nọ́ńbà àtijọ́ tí ó wà lẹ́yìn máṣìnnì ni ó ní kí a yọ fún òun. A yọ ọ́ fún un.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí a mọ ẹbí kí a tó mọ ẹ̀rọ. Ẹ ṣe báyìí:

1. Bí ẹni tí ó ni ín bá ti kú, ẹ má sanwó fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí àti aṣojú ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan mọ̀ sí i, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé níwájú ẹlẹ́rìí méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ yín.

2. Ẹ béèrè ìwé ọkọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà férémù, tí ó máa ń wà ní ọrùn máṣìnnì lábẹ́ ọwọ́ ìdarí, àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, tí ó wà lára àpótí ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀. Kí méjèèjì bá ti inú ìwé mu. Bí ẹnìkan bá ti fi fáìlì ha nọ́ńbà náà, tàbí tí ó tún òmíràn lù sí i, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀, kí ẹ máa lọ sílé. Máṣìnnì olè kì í ní ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀.

3. Nọ́ńbà tí ó ti wà ṣáájú 1992 kì í ṣe èyí tí ẹ lè gbé jáde sí títì mọ́. Ẹ ó gba tuntun, ẹ ó sì yí orúkọ padà. Ẹ ka owó èyí mọ́ owó ọjà.

KÍ NI Ó KÙ NÍNÚ RẸ̀?

Ọ̀dà lè tàn wá jẹ. Ìpẹtà òde náà sì lè dẹ́rù bà wá lásán. Ibi tí ó yẹ kí ojú wa kọ́kọ́ lọ ni férémù. Ẹ dúró sẹ́yìn máṣìnnì, kí ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ iwájú wà lórí ìlà kan. Ẹ wo ọrùn rẹ̀ àti gbogbo oríkèé irin bóyá ó sán, tàbí bóyá jórinjórin ti fọwọ́ kàn án. Ẹ́ńjìnnì ṣe é pààrọ̀, férémù tí ó wọ́ nínú ìjàǹbá kò ṣe é fi ẹ̀mí lé lórí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọwọ́ tẹ kíìkì wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ó bá yí, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, kí ẹnì kejì tẹ kíìkì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ìka yín kúrò pẹ̀lú agbára, ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀. Bí kò bá yí rárá, ẹ má fò lé kíìkì lórí. Ó ṣeé ṣe kí písítìn ti bá ìpẹtà lẹ̀ mọ́ sílíńdà. Ẹ da ọ́ìlì tí a pò mọ́ dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sí ihò púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi í sí gíà tó ga jù, kí ẹ máa mi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn síwá sẹ́yìn. Sùúrù ni a fi ń ṣe é. Ẹni tí ó bá fi agbára ṣe é yóò ra ẹ́ńjìnnì tuntun.

Ẹ ṣí ọ́ìlì wò. Bí ó bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ègé irin wínníwínní, nǹkan ti jẹ ara wọn nínú. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú táǹkì, nítorí ìpẹtà ibẹ̀ ni yóò máa dí kábúrétọ̀ yín lójoojúmọ́. Ẹ wo wáyà, eku fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ wo ihò sàlẹ́ǹsà, agbọ́n fẹ́ràn ibẹ̀. Táyà tí ó ti sán, bí ó ti wù kí àmì ara rẹ̀ jinlẹ̀ tó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá tú bíréékì, ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀, nítorí bíréékì ayé àtijọ́ lè ní asbẹ́stọ́ọ̀sì tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún.

Suzuki A100 yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù ni, ó sì ní táǹkì ọ́ìlì tirẹ̀. Bí ihò tí ọ́ìlì ń gbà bá dí, ẹ́ńjìnnì yóò lẹ̀ lójú ọ̀nà. Rọ́bà tí ó dí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì máa ń gan bí ó bá pẹ́ nílẹ̀, ẹ ka ti pípààrọ̀ rẹ̀ mọ́ ìnáwó.

ÈLÓ NI YÓÒ GBÀ?

Oríire kan wà fún ẹni tí ó bá ra CG. Àwọn ará China ti ṣe àwòkọ ẹ́ńjìnnì CG125 lóríṣiríṣi, nítorí náà páàtì rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé písítìn CG125 kì í ṣe ti CG110. Èyí tí ẹ bá tú jáde ni kí ẹ mú lọ́wọ́ lọ sí ọjà, kí ẹ fi méjì wé ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná: púpọ̀ nínú àwọn àtijọ́ ń lo bátìrì fóòtì 6, èyí tí ó kún ìsọ̀ báyìí sì jẹ́ fóòtì 12. Bí ẹ bá fi gílóòbù 12 sí orí 6, yóò kàn máa ṣe bàìbàì ni, ẹ kò sì ní í ríran lálẹ́.

Ìlànà tí àwa ń lò ni pé kí a pín owó tí a ní sí ọ̀nà mẹ́rin. Ìdá kan ni kí a fi ra máṣìnnì, ìdá méjì fún páàtì àti owó iṣẹ́ mẹkáníìkì, ìdá kan yòókù fún ìwé àti ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tí ń tà á bá béèrè ju ìdá kan lọ, a ó bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá gbà, a ó kọjá.

Ní ti ẹ̀yáwó, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Oṣù kejì ni ẹgbẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó rẹ̀ padà, máṣìnnì tí a tú sílẹ̀ sì lè lo ọdún kan kí ó tó tún tú èéfín. Kò mú owó wọlé, àwọn onígbọ̀wọ́ méjì sì ti fi owó ìfipamọ́ wọn dúró. Àwa ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni a bí òṣómàáló, ẹni tí yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gbowó rẹ̀. Kò ní í dára kí onígbọ̀wọ́ wa wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà tiwa nítorí máṣìnnì tí kò lè rìn. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a fi owó ìfipamọ́ ti ara wa rà á, tàbí kí ẹni mẹ́ta dáwó jọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọn yóò ti máa lò ó. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ yáwó, kí ó jẹ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, tí ó ku táyà àti ọ̀dà.

Honda tí a sọ ìtàn rẹ̀ yìí ti ń rìn. Ó ń gun òkè láìmí gúlegúle, ó sì ń gbé wa lọ sí Ìjẹ̀bú-Jèṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Bí ẹ bá tún tiyín ṣe tán, ẹ má gbàgbé àṣíborí. Ní 1 January 2009 tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú un, àwọn kan dé igbá sórí. A rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n igbá kì í gba orí lọ́wọ́ títì ọ̀dà.

Ẹni tí ó bá ti ra èyí tí kò mọ ibi tí yóò gbà mú un, kí ó bá akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní ìpàdé. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó jókòó tì í ti gba ọ̀nà yẹn kọjá rí. Ire o.