Mo Fẹ́ràn Epo Àkàrà, Mo Sì Fẹ́ràn Rọ́ọ̀kì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi dá ẹnì kan lóhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òǹkàwé kan kọ ọ́ sí ojú ewé yìí pé ọmọ Ìbàdàn tó bá dàgbà sí àárín ìlú, ní Ọjà'ba tàbí Màpó, tó tún wá ń gbọ́ orin rọ́ọ̀kì, ọmọ tó ti sọ ilé nù ni. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó dà bí ẹni pé èmi gan-an ni ó ń bá wí. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Títún rédíò àti giramafóònù ṣe ni mo fi jẹun ní Bẹẹrẹ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Mo fẹ́ràn rọ́ọ̀kì títí di òní olónìí, mi ò sì sọ ilé nù.

Ẹ jẹ́ kí n ti ilé bẹ̀rẹ̀. Agboolé wa wà ní Bẹ́yẹrunkà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àpótí rédífúṣọ̀n kan wà lára ògiri yàrá bàbá mi, oṣooṣù ni wọ́n ń san owó rẹ̀. Kò sí pé à ń yí i kiri. Ohun tí wọ́n bá fún wa náà la óò gbọ́. Inú àpótí yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, sákárà Yusuf Ọlátúnjí àti jùjú I.K. Dairo. Bí oṣù ààwẹ̀ bá sì dé, àwọn ọ̀dọ́ a máa lu wéré kiri agboolé lóru láti fi jí àwọn èèyàn sí sààrì. Láti inú wéré yìí ni Dáúdà Epo Àkàrà ti yọ àwúrèbe jáde, tó sọ ọ́ di orin Ìbàdàn pọ́ńbélé. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ikú rẹ̀ ní ọdún 2005, ṣe ni mo ti ṣọ́ọ̀bù mi tí mo lọ jókòó sílé. Ẹni tó bá ní mi ò mọ orin ilé wa, kó wá bi mí.

Báwo wá ni rọ́ọ̀kì ṣe dé ọ̀dọ̀ mi? Iṣẹ́ ló gbé e wá. Ní nǹkan bí ọdún 1971, mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Bẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì kan gbé giramafóònù rẹ̀ wá, ó ní kì í yí dáadáa mọ́, ó sì gbàgbé àwo Santana kan sórí rẹ̀. Nígbà tí a pààrọ̀ rọ́bà tó ń yí i tán, ọ̀gá mi ní kí n fi àwo yẹn dán an wò. Bàbá onílù kan jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ìyáàlù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń retí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n jọ lọ sí òde ìnáwó kan ní Gbọ̀ngàn Màpó. Bí orin kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àwo náà, bàbá gbé orí sókè.

"Ọmọ mi, ta ló ń lu ìlù yẹn?"

Mo ní, "Òyìnbó ni, bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Òyìnbó ńkọ́? Ẹni wa kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn."

Èmi àti ọ̀gá mi fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òótọ́ ni bàbá sọ. Orin náà, Babátúndé Ọlátúnjí ló ni ín, ọmọ Àjídò lápá Àgbádárìgì, tó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1950. Ó gbé àwo rẹ̀, Drums of Passion, jáde ní ọdún 1960. Orin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Jin-go-lo-ba. Òun ni Carlos Santana, ọmọ Mexico, fi gìtá sí ní ọdún 1969, tí gbogbo ayé fi ń jó o. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni ó sọ ilé nù níbẹ̀ yẹn?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá àwo rọ́ọ̀kì kiri. Kì í sì í ṣe ti òkè òkun nìkan. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, fi mọ́tò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1971, òun àti Fẹlá sì jọ ṣe àwo kan lọ́dún yẹn. Àwọn ọmọ wa mẹ́ta, Berkley Jones, Láolú Akins àti Mike Odùmósù, fi lẹ́tà orúkọ wọn dá ẹgbẹ́ BLO sílẹ̀, àwo wọn àkọ́kọ́ sì jáde ní ọdún 1973. Ọdún yẹn náà ni àwọn Ofege, ọmọ ilé ìwé St. Gregory's l'Ékòó, gbé tiwọn jáde. Ọmọ ilé ìwé o! Mo ra méjèèjì.

Mi ò ní purọ́, rọ́ọ̀kì ní àléébù. Onígìtá lè máa ta gìtá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsọ̀rọ̀. Tó bá tilẹ̀ sọ ọ́, kò ní kì ẹ́, kò ní pòwe. Epo Àkàrà ní tirẹ̀, bó bá kì ọ́, wàá mọ ibi tí bàbá bàbá rẹ ti wá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí atúnrédíòṣe nìkan lè rí. Bí rédíò bá ń han, tí ohùn rẹ̀ fọ́, èmi ni wọ́n ń sanwó fún kí n mú ohùn fífọ́ yẹn kúrò. Jimi Hendrix, tó kú ní ọdún 1970, mọ̀ọ́mọ̀ fi ohùn fífọ́ sí gìtá rẹ̀ ni, ó sì dùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo tú ẹ̀rọ ọ̀gá mi palẹ̀, mo rò pé ó ti bàjẹ́. Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi lọ.

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980, omíyalé Ògùnpa dé. Yàrá tí mo háyà nígbà náà kò jìnnà sí odò. Àwo tí mo ní lé ní ọgọ́sàn-án. Àpótí kan ṣoṣo tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ló yè. Àwọn aládùúgbò mi ń wá ọmọ wọn nínú ẹrẹ̀, nítorí náà, mi ò jẹ́ sunkún àwo lójú ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí mo tó dá wà ni mo sun ún.

Ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Èkó, ó ní òun ń bá àwọn òyìnbó ra àwo àtijọ́. Ó yẹ àpótí mi wò. Ó ti àwúrèbe àti sákárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kò sí ẹni tó ń béèrè wọn. BLO, Ofege àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ló fẹ́. Òrùlé ilé wa ń jò nígbà náà. Ìyàwó mi ní, "Bàbá, ṣé àwo ni yóò bò wá lójò?" Mo ta mọ́kànlá, owó rẹ̀ ra ìdajì páànù. Ọmọ-ọmọ mi wá fi hàn mí lórí fóònù pé iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan lókè òkun ju gbogbo owó tí mo gbà lọ. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òjò ò pa wá mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ rè é. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà ń fi iye yẹn hàn mí, mo ní kó bá mi wá BLO lórí fóònù. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi dún. Àwọn òyìnbó ti tún un tẹ̀ jáde, wọ́n tọ́jú rẹ̀. Mo ní kó wá àwúrèbe mẹ́ta tó kù lọ́wọ́ mi. Ó wá a títí, kò rí ẹyọ kan. Rọ́ọ̀kì tí ẹ ń torí rẹ̀ bú mi ti rí ẹni gbà á là. Orin ilé ni ó ń kú lọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa.

Nítorí náà, ìbéèrè mi fún ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ni pé: níbo ni àwo Epo Àkàrà tí bàbá rẹ rà wà? Ṣé ẹ kò ti fi dí ihò fèrèsé? Mo bẹ gbogbo ilé tó ní àwo, ẹ nù ún, ẹ gbé e dúró lóòró, ẹ má to ó léra wọn nínú oòrùn. Ẹ kọ orúkọ olórin àti ọdún sí i lẹ́yìn. Ẹ pe àwọn ọmọ kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó tà á. Mo bẹ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò wa pẹ̀lú, tí téèpù àtijọ́ bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n gbọ́ ọ kó tó jẹrà. Èmi àti ọmọ-ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́ta tèmi. Ó ń pariwo díẹ̀, ṣùgbọ́n Epo Àkàrà ń dún.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atúnrédíòṣe tó ti fẹ̀yìn tì,
Bẹẹrẹ, Ìbàdàn.