Wúfà ńlá lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀: Ta ló máa jókòó lé e lórí?

Bí ẹ bá ń gbé ní Ayépé, tàbí ní ìlú mìíràn nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ní ṣàjèjì sí yín. Lọ́jọ́ Sátidé tí òde bá wà, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan á máa bọ̀ láti òkèèrè. Ẹ kò tíì rí ọkọ̀ náà, ẹ kò sì tíì mọ orin tó ń kọ, ṣùgbọ́n ẹ ti ń gbọ́ gbì-gbì-gbì láyà yín. Fèrèsé á máa gbọ̀n, ìdérí ìkòkò á máa dún. Kí ẹ tó béèrè pé ọmọ ta nìyẹn, ó ti kọjá lọ.

Bó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ni, ẹ lè mi orí kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Bó bá wá jẹ́ ọmọ tiyín ńkọ́? Hilux tí ẹ fi ń kó ọjà, tí ẹ fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, tí ìyá àgbà ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, òun náà ni ọmọ yín fẹ́ gbé lọ sọ́dọ̀ rìwáyà kí wọ́n bá a fi wúfà ńlá méjì sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ má kọ́kọ́ bi í ní iye tó fẹ́ ná. Ẹ bi í pé: ta ló máa jókòó lé e lórí?

Kí ló dé tó fi jẹ́ abẹ́ ìjókòó?

Píkọ́ọ̀pù kò ní búùtù bíi ti ọkọ̀ kékeré. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbangba ni, òjò ń rọ̀ sí i, olè náà sì lè na ọwọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ fi wúfà sínú píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin fi máa ń wo abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Wúfà kì í ṣe sípíkà lásán. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní béèsì, ohùn tó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń lu gbẹ̀du.

Irú ohùn bẹ́ẹ̀, a máa ń fi ara gbọ́ ọ ju bí a ṣe ń fi etí gbọ́ ọ lọ. Lọ́dún 1974, nígbà tí àwọn ará Hollywood gbé fíìmù Earthquake jáde, èyí tó dá lórí ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ mì tìtì, wọ́n kó àwọn wúfà ràgàjì sínú ilé sinimá kí ó lè máa ṣe àwọn òǹwòran bíi pé ilẹ̀ abẹ́ àga wọn ló ń mì. Gbọ̀ngàn ńlá nìyẹn o. Inú Hilux kò tó yàrá kan. Inú ibi há-há yẹn ni wọ́n fẹ́ kó o sí, gíláàsì á wà ní títì nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, ẹni tó jókòó sẹ́yìn á sì wà lórí rẹ̀ gan-an.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú etí

Nínú etí wa lọ́hùn-ún, ibì kan wà tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Ibẹ̀ ni àwọn irun wínníwínní kan wà, orí ẹ̀yà ara kéékèèké tó tó nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti hù. Àwọn ló ń gba ohùn, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Bí ariwo bá pọ̀ jù, wọn á dojú bolẹ̀ bíi koríko tí mọ́tò gùn kọjá. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n lè dìde padà. Bó bá di ojoojúmọ́, wọn á kú. Irun orí tí a bá fá ń hù padà, ṣùgbọ́n ti inú etí kì í hù mọ́. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sì sí àgbo tó lè dá a padà.

Dẹ́sìbẹ́lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Àjọ NIOSH ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ìlera àwọn òṣìṣẹ́, ní ariwo tó bá tó 85 kò gbọdọ̀ ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí ó bá ti fi 3 lé sí i, kí a gé àkókò náà sí ìdajì. Bó bá jẹ́ 88, wákàtí 4. Bó bá jẹ́ 91, wákàtí 2. Bó bá jẹ́ 94, wákàtí kan. Bó bá wá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Orin inú ọkọ̀ tó ní wúfà ńlá lè dé 100, kó sì tún kọjá bẹ́ẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ láti Ayépé sí Ìjẹ̀bú-Òde sì ju ìṣẹ́jú 15 lọ.

Ọmọ yín lè sọ pé béèsì nìkan kì í yára ba etí jẹ́ bí ohùn òkè. Kò parọ́. Etí wa kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ béèsì. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn wà. Nítorí pé kò gbọ́ ọ tó, á tún yí i sókè. Bó bá sì ti ń yí i sókè, ohùn akọrin, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á jọ máa gòkè pẹ̀lú rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà má ṣe gbọ́ orin tó ju 80 dẹ́sìbẹ́lì lọ fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ti ọmọdé kò gbọdọ̀ ju 75 lọ. Àjọ yìí náà ló sọ pé àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan lágbàáyé ló wà nínú ewu pé orin àti ariwo àfẹ́ lè ba etí wọn jẹ́.

Ohùn tó kan ẹ̀dọ̀fóró

Lọ́dún 2004, àwọn dókítà kan ní Yúróòpù kọ ìròyìn sínú ìwé ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Thorax, nípa àwọn èèyàn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣàdédé jò nígbà tí wọ́n wà nídìí orin tó ń pariwo. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 19. Ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lójijì. Wúfà 1000 wáàtì ló wà nínú ọkọ̀ náà. A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín, nítorí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá wà nídìí irú orin bẹ́ẹ̀, tí àyà bá ṣàdédé ń gún un tí kò sì lè mí dáadáa, ẹ má ṣe pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí tàbí afẹ́fẹ́ inú. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá.

Ìjókòó fúnra rẹ̀

Abẹ́ ìjókòó píkọ́ọ̀pù kò ga. Bí àpótí wúfà kò bá gba ibẹ̀, àwọn oníṣẹ́ kan á gé fóòmù ìjókòó, àwọn mìíràn á fi pákó gbé ìjókòó náà sókè. Ẹ má gbà fún wọn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti wọn ìjókòó àti bẹ́líìtì pọ̀ kí wọ́n lè di èèyàn mú bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan. Bí ìjókòó bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́líìtì ò ní jókòó síbi tó yẹ lára ọmọ. Bí ìjókòó náà ò bá sì há mọ́ ìdè rẹ̀ mọ́, ó lè ṣí lójijì.

Àpótí náà gbọ́dọ̀ wà ní dídè pẹ̀lú bóòtì àti nọ́ọ̀tì. Ẹrù wúwo tí kò ní ìdè lè fò lu èèyàn bí ọkọ̀ bá dúró gììrì. Ẹ tún béèrè ibi tí jáàkì àti sípánà fẹ́ máa gbé, kí táyà má baà jò lójú títì márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin kí ẹ máa wá jáàkì kiri.

Wáyà tó lè di iná

Gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ kì í ju 55 tàbí 60 wáàtì lọ. Ẹ̀rọ tó ń fún wúfà lágbára, bó bá ń fa 1000 wáàtì, ó ju gílóòbù 16 lọ. Lórí bátìrì 12 fóòtì, iná tó lé ní 80 ámpì ló ń gba inú wáyà náà kọjá. Bí wáyà bá tín-ín-rín, á gbóná. Bó bá bó, tó sì kan irin ara ọkọ̀, iná lè sọ.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ fi ojú ara yín rí kí ẹ tó sanwó fún rìwáyà. Àkọ́kọ́, kí fíúsì wà lórí wáyà náà nítòsí bátìrì, kó má ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lọ sí i. Ìkejì, kí rọ́bà wà níbi tí wáyà ti gba inú irin kọjá láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnì bọ́ sínú ọkọ̀, kí irin má baà gé e. Ìkẹta, kí wọ́n má ṣe fi fóòmù tàbí kápẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀, nítorí ó máa ń gbóná. Kí agolo tí a fi ń paná sì wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo.

Àdéhùn tí ẹ lè bá ọmọ yín ṣe

A kò ní kí ẹ fi ìjà kọ orin. Ọmọ tó bá ti ń fi owó ara rẹ̀ ra nǹkan, bí ẹ bá kàn sọ pé rárá, á lọ ṣe é lẹ́yìn yín. Ẹ pè é jókòó.

1. Wúfà kékeré kan tó gba abẹ́ ìjókòó láì gé ohunkóhun ti tó. Kò sí ìdí fún méjì.

2. Bí ọmọdé tàbí àgbàlagbà bá wà lẹ́yìn, kí wúfà wà ní pípa. Kí wọ́n fi bọ́tìnnì rẹ̀ síwájú kí ó rọrùn láti pa.

3. Bí ẹni iwájú bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó gbọ́ ọ, orin náà ti pọ̀ jù. Kí ó yí i wálẹ̀.

4. Lójú títì márosẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lè gbọ́ fèrè tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

5. Bó bá ti wọ àdúgbò lálẹ́, kí ó pa á. Ìyá arúgbó tó ń ṣàìsàn, abiyamọ àti ọmọ ìkókó wà nínú ilé. Láti 2009 sì ni òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo ti wà lọ́wọ́ àjọ NESREA.

Ẹ̀yin àgbà gan-an, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dákẹ́. A mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kì í fẹ́ ba ọmọ lọ́kàn jẹ́. Ẹ̀ ń jókòó sẹ́yìn, ẹ̀ ń fara dà á, ẹ̀ ń ní kò burú. Ọjọ́ orí ti mú díẹ̀ lára etí yín tẹ́lẹ̀. Èyí tó kù yẹn, ẹ máa ṣọ́ ọ bí owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ kì í pẹ́ kó tó máa yẹra fún àwùjọ, tí ilé á sì máa rò pé ìgbéraga ni.

Bí etí ẹnikẹ́ni bá ń hó lẹ́yìn tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, bí ohùn èèyàn bá ń dún bí ẹni wà nínú ìkòkò, tàbí tí ọmọ ń sọ "kí lẹ wí?" lemọ́lemọ́, ẹ má ṣe ro epo gbígbóná tàbí oògùnkóògùn sínú etí náà. Ẹ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà ní Ṣágámù, UCH náà sì wà ní Ìbàdàn. Àyẹ̀wò etí kì í dunni rárá.

Àwọn àgbà ní etí tó gbọ́ àlọ, kó gbọ́ àbọ̀. Ọmọ tó ń yí wúfà sókè lónìí, òun náà á di bàbá àgbà lọ́la. Ẹ bá a tọ́jú etí tó máa fi gbọ́ ọ nígbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá ń kí i pé "Bàbá, ẹ káàárọ̀."