Àwòrán tú àṣírí wúrà inú òkun! Ẹ̀kọ́ ńlá fún àwọn tó fẹ́ máa fi kámẹ́rà wá ìṣúra

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí kò tilẹ̀ rìn tó ọdún mẹ́wàá tí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò lásánlàsàn ló sì tú u síta!

Ní ìpínlẹ̀ Florida, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2015, ìdílé kan tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa mòòkùn wá ìṣúra nísàlẹ̀ òkun bá owó wúrà pàdé nínú omi. Owó náà ti wà níbẹ̀ láti ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Àwọn aláṣẹ ní ẹyọ 101 ni wọ́n rí, ṣùgbọ́n 51 péré ni wọ́n fi han ayé. Àwọn oníwèé ìròyìn bá wọn yọ̀, tẹlifíṣọ̀n gbé wọn jáde, gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Àádọ́ta tó kù wá ńkọ́? Wọ́n ní ó ti wọ àpò!

Ọ̀rọ̀ náà dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí di ọdún 2024. Ìgbà náà ni àwọn agbófinró ìpínlẹ̀ náà kéde pé ọwọ́ àwọn ti tẹ 37 nínú owó wúrà tó sọnù, iye rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Wọ́n bá òmíràn nínú ilé, wọ́n bá òmíràn nínú àpótí ìpamọ́ ní báńkì, wọ́n sì gba márùn-ún lọ́wọ́ oní-gbàǹjo kan tí kò mọ̀ pé ẹrù olè ni òun rà. Wọ́n tún ní ní ọdún 2016, ọ̀kan nínú ìdílé náà mú ẹyọ mẹ́ta, ó lọ rọra jù wọ́n sísàlẹ̀ òkun, kí àwọn tí ń fi owó sí iṣẹ́ náà lè “rí” wọn, kí inú wọn dùn! Kí la ti gbọ́ irú eléyìí?

Kí ló tú u? Fọ́tò àwọn owó wúrà náà kan ni. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ yẹ inú rẹ̀ wò, wọ́n sì bá àmì tó ń sọ ibi tí wọ́n ti yà á. Inú ilé ìdílé náà ni! Bí wọ́n ṣe fi ẹ̀sùn títa ẹrù olè kan ọ̀kan nínú wọn nìyẹn.

Ìtàn yìí yẹ kó kọ àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí lẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ tuntun kan ti dé. Ènìyàn á gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wá irin nínú ilẹ̀ dání, á gbé kámẹ́rà tàbí fóònù, á kọrí sí etí òkun, á máa ya ohun tó bá rí, á sì gbé e sórí YouTube kí aráyé wò ó. Àwọn tó ń ṣe é pọ̀, àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tún pọ̀ jù wọ́n lọ. Ìbéèrè wọn kò ju ọ̀kan lọ: kí ni kí a yà tí ènìyàn á fi jókòó wò ó? Etí òkun Florida yìí kan náà ní ìdáhùn.

ÌJÌ Ọ̀GÀNJỌ́ ÒRU

Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1715, ọkọ̀ ojú omi 11 ti orílẹ̀-èdè Spéènì gbéra ní Havana, ní Kúbà, pẹ̀lú ọkọ̀ Faransé kan tí wọ́n ń pè ní Griffon. Wúrà, fàdákà àti ohun ọ̀ṣọ́ ni wọ́n kó, wọ́n ń gbé e lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà, ìjì líle dìde lóru. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru, ṣùgbọ́n àárín agbami ni ìjì ti ká wọn mọ́. Ọkọ̀ Spéènì mọ́kànlá ló rì pátá. Griffon nìkan ló yè é. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló bá a lọ.

Àwọn ará Spéènì padà wá kó èyí tí wọ́n lè kó. Èyí tó kù, òkun gbé e pamọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe apá ibẹ̀ ní Etí Òkun Ìṣúra títí di òní.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kọ́lékọ́lé kan tó ń jẹ́ Kip Wagner máa ń rìn ní etí òkun nítòsí ìlú Sebastian. Bí ìjì bá ti jà tán, ó máa ń ṣa owó fàdákà. Ó wò wọ́n títí, ó sì ṣàkíyèsí ohun kan: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọdún ara rẹ̀ kọjá 1715! Ó lọ ra ògbólógbòó ẹ̀rọ àwọn ológun ní dọ́là 15, òun ló sì fi rí ibi tí àwọn tó yè nínú ìjì náà pàgọ́ sí. Láti ibẹ̀ ló ti tọpa àwọn ọkọ̀ náà dé inú omi. Dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló bí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù.

KÍ NI KÍ KÁMẸ́RÀ YÀ?

Èkínní ni òwúrọ̀ tó tẹ̀lé ìjì. Ìgbì a máa gbá iyanrìn kúrò, ohun tó ti sin mọ́lẹ̀ á wá sún mọ́ òkè. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2004, ìjì Frances àti Jeanne kọlu agbègbè kan náà láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta síra. Ẹni tó bá ya ojú iyanrìn kí ìjì tó dé, tó tún padà yà á lẹ́yìn rẹ̀, ti ní fídíò gidi lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ rí kọ́bọ̀.

Èkejì ni bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Wáyà tí wọ́n ká róbótó wà nínú ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó rí pẹrẹsẹ bí àwo. Iná mànàmáná ń gba inú wáyà náà kọjá, ó sì ń rán agbára òòfà wọ inú ilẹ̀. Bó bá kan irin tàbí wúrà, èsì á padà wá, ẹ̀rọ á sì ké. Ṣùgbọ́n iyọ̀ inú iyanrìn tútù náà a máa mú un ké lásán. Èyí tó sì ń ké jù lọ ni ìdérí ìgò, ìṣó àti agolo. Ẹni tó ń fi wúrà nìkan hàn, tí kò fi ìdérí ìgò hàn, irọ́ ló ń pa fún àwọn òǹwòran rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni òfin. Kì í ṣe gbogbo etí òkun ni a ti ń gbẹ́lẹ̀. Ní Canaveral National Seashore, tí kò jìnnà síbẹ̀, èèwọ̀ ni, nítorí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni. Bákan náà ni ọkọ̀ tó rì sínú omi kì í ṣe ti ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i: ìwé àṣẹ wà, ìjọba ìpínlẹ̀ sì lè mú tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n bá wú jáde. Kí ayàwòrán ya ìwé àṣẹ rẹ̀ kó tó ya ihò.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀mí. Ìjàpá òkun ń yé sínú iyanrìn yẹn láti oṣù Kẹta títí di òpin oṣù Kẹwàá, òfin kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni da ẹyin wọn rú. Ihò pàápàá ń pani. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan kú ní etí òkun kan ní gúúsù Florida nígbà tí ihò iyanrìn ya lù ú. Ẹni tó bá gbẹ́ ihò, kó dí i kó tó lọ, kó sì fi dídí rẹ̀ hàn nínú fídíò.

Ẹ̀karùn-ún ni sùúrù. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Odindi ọdún 16 ni Mel Fisher fi wá ọkọ̀ Atocha, tó rì ní ọdún 1622. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1975, ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dojú dé lóru, ọmọ rẹ̀, ìyàwó ọmọ rẹ̀ àti òmùwẹ̀ kan sì kú. Ọdún mẹ́wàá géérégé sí ọjọ́ náà, ní 20 oṣù Keje ọdún 1985, ni wọ́n tó rí òkìtì ìṣúra náà. Ẹ ò rí i pé wúrà náà ní iye tí wọ́n san lórí rẹ̀?

ÌṢÚRA TÍ KÒ NÍ WÚRÀ

Ní ọdún 1972, nígbà tí àwọn ènìyàn Fisher ṣì ń wá Atocha kiri, wọ́n bá ọkọ̀ mìíràn pàdé lábẹ́ omi. Wúrà kò sí níbẹ̀. Ṣẹkẹṣẹkẹ ni wọ́n bá! Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Ní ọdún 1983 ni wọ́n wú agogo rẹ̀ jáde, tí wọ́n rí orúkọ lára rẹ̀: Henrietta Marie, 1699. Ọkọ̀ akẹ́rú ni, ará Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú Kalabari, ní Ìpínlẹ̀ Rivers wa níhìn-ín, ló ti kó ènìyàn. Ó ta 190 nínú wọn ní Jàmáíkà ní ọdún 1700, ó sì rì nígbà tó ń padà lọ sílé. Ṣẹkẹṣẹkẹ tí wọ́n wú jáde níbẹ̀ lé ní ọgọ́rin, àwọn mìíràn sì kéré tó ọwọ́ ọmọdé.

Ní ọdún 1993, àwọn òmùwẹ̀ aláwọ̀ dúdú ti Amẹ́ríkà lọ gbé òkúta ìrántí sísàlẹ̀ omi náà, wọ́n sì kọjú rẹ̀ sí ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí gbàǹjo tó lè dá iye lé irú ìṣúra bẹ́ẹ̀. Àwọn tó rí i kò bu àádọ́ta pamọ́ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ gbé kámẹ́rà lọ sí etí òkun, ohun tó máa jẹ́ kí ènìyàn máa padà wá wo fídíò yín kò ju pé kí ohun tí ẹ rí jẹ́ ohun tí ẹ fi hàn. Ẹ ya ìdérí ìgò, ẹ ya ìwé àṣẹ, ẹ ya ihò tí ẹ dí. Bí wúrà bá wá jáde, ẹ ka gbogbo rẹ̀ lójú kámẹ́rà, kó pé. Kámẹ́rà kì í gba rìbá, kì í sì í gbàgbé ibi tó ti ya nǹkan.