Bí Ìgbìmọ̀ Kan ní Ilé Aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù Ti Ń Ṣètò Iṣẹ́ Rẹ̀ Lórí Ọ̀ràn Ilẹ̀ Òkèèrè

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ti gbọ́ ìròyìn Ilé Aṣòfin tí ó wà ní Westminster, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, a máa rò pé inú gbọ̀ngàn ńlá nì, níbi tí àwọn aṣojú ti ń jókòó kojú ara wọn tí wọ́n sì ń pariwo, ni gbogbo iṣẹ́ ti ń parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú àwọn yàrá kéékèèké, níwájú ènìyàn díẹ̀, ni wọ́n ti ń fi ìbéèrè wá òkodoro ọ̀ràn. A fẹ́ kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa bá wa wo ọ̀kan nínú àwọn yàrá wọ̀nyí, èyíinì ni ti Ìgbìmọ̀ Ọ̀ràn Ilẹ̀ Òkèèrè nínú Ilé Aṣòfin Kékeré. Àwa tí a ń kọ́ bí a ti ń pín iṣẹ́ sáà kan sí ọ̀sẹ̀ àti sí wákàtí yóò rí i pé wàhálà tiwọn kò jìnnà sí tiwa: iṣẹ́ pọ̀, àkókò kò tó.

Ọdún 1979 ni a dá ìgbìmọ̀ yìí sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣọ́ ẹ̀ka ìjọba kan. Ènìyàn 11 ni ó wà nínú rẹ̀, láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ń ṣe ìjọba àti láti inú àwọn ẹgbẹ́ alátakò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pọ̀ tó nínú Ilé. Láti ọdún 2010 ni gbogbo Ilé ti ń fi ìbò ìkọ̀kọ̀ yan alága. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú ni ọ̀ràn náà wà lọ́wọ́ wọn, èyí sì mú kí ẹni tí a ó bi léèrè máa lọ́wọ́ nínú yíyan ẹni tí yóò bi í. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà ni láti yẹ ìnáwó, ìṣàkóso àti ìlànà ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè wò, àti ti àwọn àjọ tí ó so mọ́ ọn. Ẹ̀ka BBC tí ń sọ̀rọ̀ sí gbogbo ayé wà lára ohun tí ó ń wò. Nítorí náà, nígbà tí owó ìjọba mú kí ẹ̀ka náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní èdè Yorùbá ní ọdún 2018, àwa náà bọ́ sí abẹ́ ojú ìgbìmọ̀ yìí díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀.

Ìgbìmọ̀ náà kì í pàṣẹ fún ìjọba. Kò lè dá ogun dúró, kò lè yí àdéhùn padà, kò sì lè lé mínísítà kúrò ní ipò. Ìbéèrè nìkan ni ohun ìjà rẹ̀. Bí ó bá yan ìbéèrè tí kò wúlò, tàbí tí ó béèrè nígbà tí ọ̀ràn ti bàjẹ́ tán, kò sí ohun mìíràn tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ètò iṣẹ́ fi jẹ́ ọ̀ràn ńlá fún un.

Ìkọ̀kọ̀ ni ètò náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ìgbìmọ̀, ẹni tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ Ilé tí kò sì gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, a gbé ìwé kalẹ̀ síwájú àwọn aṣojú, tí ó ń sọ àwọn ọ̀ràn tí wọ́n lè wádìí, iye ìjókòó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà, àti ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà. Ọ̀kan fẹ́ Ṣáínà, èkejì fẹ́ Rọ́ṣíà, ẹ̀kẹta ní àwọn ará àdúgbò òun ń sọkún nítorí ogun tí ó wà ní ilẹ̀ baba wọn. Ẹni tí ó bá lé eku méjì a pófo. Ṣùgbọ́n eku tí ó wà nínú ayé yìí ju méjì lọ, ó sì di dandan kí a fi àwọn kan sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yan ọ̀ràn, wọn a kọ àwọn ìbéèrè tí ìwádìí náà yóò dáhùn, wọn a sì tẹ̀ wọ́n jáde fún gbogbo ènìyàn. Lójú tiwa, ibí ni iṣẹ́ náà ti le jù. “Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní Áfíríkà?” kì í ṣe ìbéèrè, kò sí ẹni tí ó lè dáhùn rẹ̀, kò sì sí mínísítà tí yóò bẹ̀rù rẹ̀. “Ta ni ó mọ̀ pé ọmọ-ogun yóò jáde, ọjọ́ wo ni ó mọ̀, kí ni ó sì ṣe?” ìbéèrè nìyẹn. Nígbà náà ni wọn yóò ké sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìmọ̀ pé kí ó kọ ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ báyìí tó pé. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rí ẹnu. Ó wọ́pọ̀ kí àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn tí wọ́n ti ṣe aṣojú ìjọba rí ṣáájú, kí mínísítà sì kẹ́yìn, kí ohun tí àwọn ti ìṣáájú sọ lè di ìbéèrè tí a ó fi wá a lẹ́nu wò. Kí ẹlẹ́rìí tó wọlé, wọn a kọ́kọ́ pín ìbéèrè láàrin ara wọn, kí ènìyàn mẹ́ta má baà béèrè ohun kan náà.

Ètò a máa kọlu ògiri nígbà mìíràn. Ní ọdún 2014 ìgbìmọ̀ náà ń wádìí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí Hong Kong ní 30 ọdún lẹ́yìn àdéhùn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ṣáínà ṣe ní ọdún 1984, wọ́n sì fẹ́ lọ fi ojú ara wọn rí i. Ṣáínà ní kí wọ́n fi ìwádìí náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ̀, a sọ fún wọn pé a kò ní jẹ́ kí wọ́n wọ ìlú náà. Ìrìn-àjò náà kò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ìròyìn wọn jáde ní oṣù kẹta ọdún 2015.

Ọ̀ràn Líbíà ni ó dùn wá jù. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2011, aṣojú 557 dìbò pé kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ nínú ogun náà, 13 péré ni ó kọ̀. Ìgbìmọ̀ kò bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí rẹ̀ títí di ọdún 2015. Wọ́n pe David Cameron, ẹni tí ó jẹ́ olórí ìjọba, láti wá jẹ́rìí. Ó ní àyè kò sí. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe, nítorí ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní agbára láti fi àṣẹ mú aṣojú ẹlẹgbẹ́ wọn wá. Ìròyìn náà jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ó sọ pé ìjọba kò yẹ ewu tí ó wà fún àwọn ará ìlú wò dáadáa, àti pé ogun tí a ní a fi ń dáàbò bo ènìyàn ti yí padà di ogun ìyọkúrò olórí ìlú. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni Cameron ti fi Ilé sílẹ̀. Líbíà ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ nígbà náà.

Ẹ wá fi wé ti Afganísítàànì. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni ìlú Kabul bọ́ sí ọwọ́ àwọn Taliban. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, kí ìsinmi Ilé tó parí, Dominic Raab tí ó jẹ́ mínísítà ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà ti jókòó níwájú ìgbìmọ̀. Ètò iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rí sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá wọ́n tẹ ìwé ẹ̀rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba náà. Ó ní ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ń wọlé, òun nìkan ni ó wà nídìí wọn; àti pé nínú 100 ènìyàn tí ó bẹ̀bẹ̀ lọ́nà náà, kò tó 5 tí ó rí ìrànlọ́wọ́ kankan. Kò sí mínísítà tí ìbá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èyí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ìròyìn ìgbìmọ̀ pe ìjáde náà ní àjálù àti ìdalẹ̀.

Alága ni ó ń gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Gbogbo wọn a sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ìpín ìpín, wọn a dìbò níbi tí ohùn kò bá ti ṣọ̀kan. Ìjọba ní oṣù méjì láti fèsì. Èsì náà a máa dára nígbà mìíràn, a sì máa jẹ́ ọ̀rọ̀ dídùn lásán nígbà mìíràn.

Bí a bá tú Ilé ká fún ìdìbò, ìgbìmọ̀ a parẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ìwádìí tí kò sì tíì parí a dúró níbi tí ó dé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Oṣù kẹsàn-án ni Ilé tuntun tó yan Emily Thornberry ṣe alága, oṣù kẹwàá sì ni a tó yan àwọn tí yóò bá a jókòó. Fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, kò sí ẹni tí ó bi mínísítà léèrè nínú yàrá náà. Àwọn ẹ̀rí ti àtijọ́ ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ Ilé, ìgbìmọ̀ tuntun sì lè mú èyí tí ó bá wù ú nínú wọn, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.