Ṣé o mọ̀? Sílíńdà tó ń mísì nínú Volkswagen Ìjàpá

Sílíńdà 4 ló wà nínú ẹ́ńjìnnì Ìjàpá àtijọ́, iná sì ń kàn wọ́n tẹ̀ léra báyìí: 1, 4, 3, 2. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń mísì, ìyẹn bí sílíńdà kan kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, mẹkáníìkì á tàn án sílẹ̀ jẹ́jẹ́, á máa fi páláyà onírọ́bà yọ wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ lásán kọ́ o, iná ibẹ̀ le gan-an. Sílíńdà tí a yọ wáyà rẹ̀ tí ìró ẹ́ńjìnnì kò yí padà ni kò ṣiṣẹ́. Bí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bá rin fún pẹtiróò, ó ṣeé ṣe kí iná má dé ibẹ̀ dáadáa. Bí iná bá dé, a ó wọn agbára ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, torí fáàfù tó jóná lè dín in kù. Nínú Ìjàpá àwọn ọdún 1960, sílíńdà 3 ló ń gbóná jù, fáàfù èéfín rẹ̀ ló sì sábà máa ń jóná.